Ọjọ́ Tí Pupa Di Funfun Lójú Kọ̀ǹpútà

Abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì kan péré tó láti pa ìyá mi. Gbogbo ilé wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n gún un fún un nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, tí ètè rẹ̀ wú bí àkàrà nínú epo, tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ dí, tí ó ń wá èémí kiri lórí bẹ́ńṣì. Ọlọ́run ló yọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, bó jẹ́ orí fífọ́ lásán ló gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹnu ọ̀nà ló ti máa bẹ̀rẹ̀: "Ẹ má gún mi ní pẹnisílíìnì o! Ara mi kò gbà á o!" Àwọn èèyàn á máa fi rẹ́rìn-ín. Àwa ọmọ rẹ̀ kì í bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ẹní ni ìyá mi ń tà ní ọjà Òkè-Ajé. Mùsùlùmí ni, ìrun márààrún kò sì fò ó rí, àmọ́ agbo ilé àwọn olórìṣà kan ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ló ti ń ra ẹní, torí ó ní ọwọ́ wọn mọ́, wọn kì í sì í parọ́ fún oníbàárà. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin agbo ilé náà di ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́. Obìnrin yìí ló wá rí iṣẹ́ káàdì ní ilé ìwòsàn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ni gbogbo wa bá ń pè é ní Ìyá Oníkáàdì.

Ó kù díẹ̀ kí àwọn ọdún 1980 parí nígbà náà. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Ìjagun, mo sì ti kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà díẹ̀ ní Pólì. Dókítà kan tó ní ilé ìwòsàn tirẹ̀ lójú ọ̀nà tó jáde sí Ayépé gbé kọ̀ǹpútà bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, ó ní òun fẹ́ kí gbogbo káàdì aláìsàn wà nínú rẹ̀. Ó wá mi rí. Bí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án, ibẹ̀ ni mò ń lọ. Wọ́n rán aṣọ léèsì kan tí wọ́n fi ń bo ẹ̀rọ náà bí ẹni bo tẹlifíṣọ̀n. Bí NEPA bá mú iná lọ, wọ́n á sáré tan jẹnẹrétọ̀ nítorí rẹ̀ kí wọ́n tó rántí yàrá iṣẹ́ abẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí yàrá káàdì ṣe rí, torí ó ní ohun tí yóò ṣe níwájú. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí iwájú ilé, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń jókòó dúró. Fèrèsé rẹ̀, onírin, wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn tó lọ sí yàrá abẹ́rẹ́. Ìyá Oníkáàdì máa ń kẹ́yìn sí fèrèsé, kọ̀ǹpútà á wà níwájú rẹ̀, sístà tó bá ń kọjá lọ gún abẹ́rẹ́ á sì yọjú látẹ̀yìn èjìká rẹ̀ wo ohun tó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní láti rìn yí ilé náà po gba iwájú. Kò sí ẹni tó fẹ́ rìn ín.

Níbẹ̀rẹ̀, àwọ̀ eérú ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí ètò mi ń kọ jáde: orúkọ, ọjọ́ orí, àdúgbò, ohun tó ń ṣe aláìsàn, oògùn tí ara rẹ̀ kò gbà. Gbogbo wọn tò lọ bẹẹrẹ. Lọ́jọ́ kan ìyá mi wá gba ìtọ́jú ikọ́. Sístà tó ń gún abẹ́rẹ́, obìnrin abara gbẹ̀ǹdẹ̀kù kan tí ọwọ́ rẹ̀ yá bí ẹni ń pa ẹ̀fọn, yọjú láti fèrèsé, ó sì lọ fa pẹnisílíìnì sínú abẹ́rẹ́. Ariwo ìyá mi ló gbà á sílẹ̀.

Inú bí mi. Mo ní, "Sístà, ṣé ojú yín ń dùn yín ni? A kọ ọ́ síbẹ̀!"

Ó ní, "Ìwọ náà wò ó. Ọ̀rọ̀ kún ibẹ̀ fọ́fọ́, gbogbo rẹ̀ jọra. Èwo ni kí n mú, èwo ni kí n fi sílẹ̀?"

Ó dùn mí, àmọ́ òótọ́ ló sọ. Ọjọ́ náà ni mo pinnu pé màá fi àwọ̀ sí i.

Ohun tí mo ṣe kò le. Àmì kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí ojú kì í rí. Bí o bá fi àmì náà ṣáájú, tí o fi akámọ́ kan tẹ̀ lé e, tí o kọ nọ́ńbà, tí o sì fi lẹ́tà m kádìí rẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá wá lẹ́yìn rẹ̀ á pa àwọ̀ dà. Ọ̀kànlélọ́gbọ̀n ni pupa. Méjìlélọ́gbọ̀n ni àwọ̀ ewé. Bí o bá kọ ení sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà, ọ̀rọ̀ á mọ́lẹ̀ sí i. Bí o bá kọ àrún síbẹ̀, á máa ṣẹ́jú. Òdo ló ń pa gbogbo rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ á fi padà sí àwọ̀ eérú. Mo kọ ọ́ pé ìkìlọ̀ oògùn gbọ́dọ̀ pupa, kó mọ́lẹ̀, kó sì máa ṣẹ́jú. Káàdì ìyá mi ni mo kọ́kọ́ fi dán an wò.

Mo gbàgbé òdo. Háà! Látorí káàdì ìyá mi ni pupa náà ti bẹ̀rẹ̀, kò sì dúró mọ́. Ẹni tó tẹ̀ lé e pupa, ẹni tó tẹ̀ lé onítọ̀hún náà pupa, gbogbo aláìsàn tó wà nínú ẹ̀rọ náà ń ṣẹ́jú pẹ̀lú iná lójú. Sístà kígbe láti fèrèsé, "Yéè! Gbogbo wọn náà?" Mo bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Oníkáàdì ní tirẹ̀ fi gèlè bojú, ó sì sáré jáde lọ dúró lábẹ́ igi máńgòrò. Nígbà tí mo ti tún un ṣe tán tí mo lọ pè é, kò rẹ́rìn-ín rárá.

Ó ní, "Ṣé o rí i pé ara ìyá rẹ ló ti bẹ̀rẹ̀?"

Mo ní, "Màmá, òdo ni mo gbàgbé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó wò mí, ó sì padà sórí àga rẹ̀.

Mo pe ìyá mi wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Mo rò pé yóò gbé mi gẹ̀gẹ̀. Ó dúró síwájú ẹ̀rọ, kò mọ̀wé, àmọ́ ó dá orúkọ ara rẹ̀ mọ̀ lójú, ó sì ń wo ìlà tó ń tàn tó ń kú nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Kí ló dé tí o fi orúkọ mi sẹ́bàá iná?" Mo ṣàlàyé títí. Ó ní ó dáa. Ó wá ní, "Bí àwọn aláró bá pa pupa kan sára ẹní tuntun, gbogbo ọjà ló máa wò ó. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, orí rẹ̀ ni wọ́n ń sùn, wọn kì í wò ó mọ́." Mo ní kó má fi tirẹ̀ ba ayọ̀ mi jẹ́.

Àmọ́ iṣẹ́ náà ń ṣe dáadáa, n kò ní purọ́. Pupa náà hàn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ débi pé ó ń tàn sára ògiri. Dókítà yìn mí. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo kíyè sí tí kò bá mi lára mu: àwọn sístà kò kàwé mọ́. Ẹni tó ń yọjú tẹ́lẹ̀, tó ń gbìyànjú láti ka ìlà kan tàbí méjì, kò tún yọjú mọ́. Láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n á ti máa béèrè, bí ẹni ń béèrè bóyá òjò ti dá: "Ó pupa àbí kò pupa?" Bí wọn kò bá rí pupa lára ògiri, wọ́n ti lọ.

Bí oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni Ìyá Oníkáàdì pè mí sẹ́yìn ilé. Òrìṣà funfun ni agbo ilé wọn ń bọ. Ní ọjọ́ tó kù, kò sí ohun tí pupa fi ṣe é, àmọ́ lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ òrìṣà wọn, funfun ló ń wọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, kò ní fẹnu kan epo, kò sì gbọdọ̀ jókòó ti pupa. Láti ìgbà tí mo ti gbé àwọ̀ yìí dé, ó ní lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀, òun máa ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tẹ kọ̀ǹpútà ni. Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ náà ló bọ́ sí lọ́jọ́ tó fi gèlè bojú sá jáde. Ọrùn ti ń dùn ún. Ó tún ní ẹ̀rù ń ba òun kí òun má lọ ṣi káàdì ẹlòmíràn tẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi, n kò ní kí o yọ ọ́ o. Mo mọ ìdí tí o fi ṣe é. Ṣé kò sí bí a ṣe lè ṣe é tí kálukú á fi mú tirẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo jókòó tì í, mo yọ àwọn nọ́ńbà àwọ̀ kúrò nínú ikùn ètò náà, mo tò wọ́n síbi kan lọ́tọ̀, bọ́tìnnì kan sì wà tí ènìyàn lè tẹ̀ kó fi yan èyí tó bá wù ú. Inú gbogbo ilé dùn sí i. Dókítà sọ orúkọ àwọn aláìsàn tirẹ̀ di àwọ̀ òféfèé. Sístà kan ní òun fẹ́ kí àwọn aboyún ní àwọ̀ ewé. Ìyá Oníkáàdì kò fọwọ́ kan nǹkan kan, àfi ìkìlọ̀ nìkan: bí ilẹ̀ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ bá mọ́, á sọ pupa di funfun tó mọ́lẹ̀, á sì mú un kúrò nínú ṣíṣẹ́jú, bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́, á dá a padà. Kò gbàgbé rí.

Mo kó àwọn sístà jọ. Mo ní, "Lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ màmá yìí, kò sí pupa o. Ìkìlọ̀ á wà níbẹ̀, àmọ́ funfun ni. Ẹ má fi ojú fèrèsé mọ nǹkan lọ́jọ́ náà. Ẹ wọlé, ẹ kà á."

Sístà abara gbẹ̀ǹdẹ̀kù yẹn ní, "Ọjọ́ wo ni ọ̀sẹ̀ ọ̀hún?"

Ìyá Oníkáàdì ní, "Ọrún-ọrún ni."

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bó bá bọ́ sí Mọ́ńdè, èyí tó ń bọ̀ á di Fúráídè, èyí tó tẹ̀ lé e á di Túsìdeè. Kì í bá ọ̀sẹ̀ àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì àti oníléèwé rìn pọ̀. Sístà pòṣé, ó ní, "Èmi, Mọ́ńdè dé Sọ́ńdè ni mo mọ̀ ní tèmi." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọ́n wọlé wá kà á. Ní èkejì náà wọ́n wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ń wo aṣọ Ìyá Oníkáàdì kí wọ́n tó rántí. Àmọ́ obìnrin náà fẹ́ràn funfun, ọjọ́ tí kì í ṣe ọ̀sẹ̀ pàápàá ó ń wọ̀ ọ́. Wọn kò wo aṣọ rẹ̀ mọ́.

Mo sọ ọ́ fún ìyá mi lálẹ́ ọjọ́ kan bó ṣe ń ka ẹní rẹ̀. Ó dá ọwọ́ dúró.

Ó ní, "Ìkìlọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀? Ìyẹn kì í ṣe ìkìlọ̀."

Mo ní, "Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀. A kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà."

Ó ní, "Ta ló ń kà á?"

Mo fi ìbínú wọ yàrá mi lọ.

Nígbà òjò ọdún náà, irin kan gún ìyá mi lẹ́sẹ̀ ní ọjà. Ó fi epo àti iyọ̀ sí i, ó ní kò sí wàhálà. Ẹsẹ̀ náà wú. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ibà dì í mú ní ìsọ̀ rẹ̀, ó ń sọ ìsọkúsọ, kò mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ mọ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń tajà gbé e sínú ọkọ̀, ó di ilé ìwòsàn. Èmi wà ní Ìjagun, mò ń ya onígun mẹ́ta sára pátákó. Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí, ẹnu àwọn tó wà níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí mo dá wọn dúró títí wọ́n fi sọ ọ́.

Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ni.

Dókítà wà nínú iṣẹ́ abẹ. Ẹni tí a máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ látẹnu ọ̀nà kò lè sọ ọ̀rọ̀ kan tó já gaara lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbé e gba iwájú kọjá lọ sí yàrá abẹ́rẹ́. Ìyá Oníkáàdì rí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà káàdì rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè, torí ó mọ̀ ọ́n sórí. Káàdì náà jáde. Ìkìlọ̀ wà níbẹ̀, funfun báláú, láàárín àwọn ọ̀rọ̀ tó ní àwọ̀ eérú. Ó kà á. Kò dúró de kí ẹnikẹ́ni yọjú ní fèrèsé. Ó dìde, ó gba ilẹ̀kùn jáde, ó sáré yí ilé po pé kí òun lọ fẹnu ara òun sọ fún sístà. Làkúrègbé ló ń bá a jà lórúnkún, ilẹ̀ sì ń yọ̀ nítorí òjò.

Ibi tó ti ń sáré gba iwájú ni sístà abara gbẹ̀ǹdẹ̀kù yẹn ti gba ẹ̀yìn. Ariwo ìyá mi ló fi ń dá a mọ̀, kò sì gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Ó dé ojú fèrèsé. Àga ṣófo. Ó wo ògiri, kò rí pupa. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, kò rí pupa. Ẹsẹ̀ tó ń rùn, ibà gbígbóná: gbogbo wọn ló mọ oògùn tí wọ́n ń lò fún un. Ó padà sí yàrá abẹ́rẹ́.

Nígbà tí Ìyá Oníkáàdì fi máa fọwọ́ ti ilẹ̀kùn yàrá náà, sístà ti ń fi òwú pa ojú abẹ́rẹ́. Ó ní, "Ẹ dákun, ẹ má gún un o!" Sístà ní, "Mo ti gún un."

Dókítà fi iṣẹ́ abẹ sílẹ̀ sáré wá. Wọ́n ṣe é, wọ́n ṣe é. Kò jí mọ́.

Wọ́n rán ọkọ̀ wá mú mi ní Ìjagun, awakọ̀ náà kàn ń wo ọ̀nà. Ìgbà tí mo rí i pé wọ́n ti ti àwọn obìnrin ọjà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níta ni mo mọ̀. N kò kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ìyá mi. Ẹ má bi mí léèrè ìdí rẹ̀. Yàrá káàdì ni mo lọ. Kò tíì sí ẹni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà. Orúkọ ìyá mi wà níbẹ̀, ìlà funfun wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó dúró gbọin láìṣẹ́jú. Ọ̀rọ̀ òyìnbó ni mo fi kọ ọ́, kò sí ẹni tí kò lè kà á nínú ilé ìwòsàn náà: ẹ má ṣe fún un ní pẹnisílíìnì. Igbe ta lẹ́nu mi.

Kí oòrùn tó wọ̀, a ti wé e láṣọ funfun, a ti kírun sí i lára, a ti sin ín. Ìyá Oníkáàdì wá. Ó dúró lójú títì, kò wọ agbo ilé. Mo yọ sí i bí ẹni tí wèrè mú. Mo ní, "Ẹ̀yin àti òrìṣà yín! Ẹ̀yin àti funfun yín! Ṣé ọkàn yín ti balẹ̀ báyìí?" Wọ́n ń fà mí láṣọ. Obìnrin náà kò gbé ohùn rẹ̀ sókè. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀, kò nù ún.

Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi ni. Mo rí i, mo kà á, mo dìde. Nínú gbogbo ilé yẹn, èmi nìkan ni mo kà á lónìí."

Mo jẹ́ kí wọ́n fà mí wọlé.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, dókítà ránṣẹ́ pè mí. Ó ní kí n wá ti àwọ̀ náà pa, kí pupa jẹ́ pupa títí láé, kí ẹnikẹ́ni má lè yí i padà mọ́, ì báà ṣe olórìṣà, ì báà ṣe àlùfáà. Ó rò pé inú mi á dùn. Mo ní, "Rárá, sà." Ó yà á lẹ́nu. Mo lọ jókòó síwájú ẹ̀rọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, pupa, funfun, òféfèé, àwọ̀ ewé, àti gbogbo àmì tí ojú kì í rí. Nígbà tí mo ṣe tán, mo pe káàdì ìyá mi jáde. N kò tíì pa á rẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tò lọ bẹẹrẹ ní àwọ̀ eérú, bó ṣe wà níbẹ̀rẹ̀.

Mo gbọ́ ìró bàtà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó dúró létí fèrèsé. Sístà tó gún ìyá mi ni, ó ní abẹ́rẹ́ kan tí ó fẹ́ lọ gún. Kò mọ̀ pé èmi ni mo wà lórí àga. Ó wo ògiri, ó na ọrùn, ó tún wò.

Mo ní, "Ẹ má dúró síbẹ̀ yẹn. Ẹ rìn yí po."

Ó pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó wọlé, ó rí orúkọ tó wà níbẹ̀, ó fẹ́ padà sẹ́yìn. Mo dìde, mo gbé àga fún un. Mo ní, "Ẹ jókòó, Sístà. Ẹ kà á síta."

Ó bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ, ó ka ọjọ́ orí, ó ka Òkè-Ajé, ó ń bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé ìlà oògùn. Ó dúró níbẹ̀. Mo dúró tì í. Ó kà á.

Mo ní, "Ẹ tún un kà."